Ẹnu Ààlà Ni Owó Ti Ń Sọnù: Ríro Owó Láti Ọjọ́ Kan Dé Ọjọ́ Kan Nínú Excel

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, okun o. Ẹ kú ìjókòó.

Ìbéèrè kan wà tí kò sí akọ̀wé ẹgbẹ́ tí kì í kàn ní ilẹ̀ Okun yìí, ì báà jẹ́ ní Kabba níbí, ì báà jẹ́ ní Isanlu, ní Mopa tàbí ní Egbe. Àsìkò kajú á ti kọjá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á pé jọ, ẹnì kan á nawọ́: "Akọ̀wé, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta títí oṣù náà fi parí, èló la fi ra ọjà?" Ìwé wà nílẹ̀. Gbogbo ohun tí a rà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú déètì. Ohun tó kù ni kí a ro èyí tó bọ́ sáàárín ọjọ́ méjì yẹn, kí a fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé lásán á mú ẹ̀rọ ìṣirò, á máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti gbé ìwé rẹ̀ sínú Excel tàbí Google Sheets ní fọ́múlà kan tó ń bá a ṣe é kó tó ṣẹ́jú. SUMIFS ni wọ́n ń pè é. Láti Excel ọdún 2007 ló ti wà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà kọ ọ́ nínú Google Sheets.

Fọ́múlà náà kò le. Ibi tó ti le ni pé ó lè fún yín ní iye tí kò pé, kí ó má sì sọ fún yín pé kò pé. Kò ní pupa, kò ní pariwo, nọ́ńbà tó mọ́ tónítóní lẹ máa rí, ẹ ó sì kà á jáde níwájú ìpàdé. Bí ẹ bá sì wá ibi tí owó ti sọnù, ẹ ó rí i pé ẹnu ààlà ni: ọjọ́ àkọ́kọ́ tàbí ọjọ́ ìkẹyìn. Àgbẹ̀ ni wá, a mọ̀ pé àárín oko kọ́ ni ìjà ilẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí pèrègún ni. Nítorí náà, ìdí pèrègún ni a ó pẹ́ sí jù lónìí.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìwé kékeré kan kalẹ̀ tí a ó máa tọ́ka sí. Ìlà kìíní ni àkọlé. Kọ́lọ́ọ̀mù A ni déètì, B ni ọjà, C ni owó. Ohun tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀ nìyí:

Ìlà 2: 28/02/2025, kajú, 62,000
Ìlà 3: 01/03/2025, kajú, 45,000
Ìlà 4: 14/03/2025, iṣu, 38,500
Ìlà 5: 31/03/2025, kajú, 71,000
Ìlà 6: 01/04/2025, kajú, 54,000

Ìlà márùn-ún péré, kí olúkúlùkù lè fi orí rò ó. Owó oṣù Kẹta ni 45,000, 38,500 àti 71,000. Àròpọ̀ wọn jẹ́ ₦154,500. Ẹ di iye yìí mú, torí a ó rí oríṣiríṣi iye tó máa fẹ́ gba ipò rẹ̀.

Déètì, nọ́ńbà ni

Bí ẹ bá tẹ 01/03/2025, tí Excel sì gbà á bíi déètì, kì í tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ di nọ́ńbà: 45717. Iye ọjọ́ ni nọ́ńbà yẹn, bí Excel fúnra rẹ̀ ṣe ń kà á, tó fi ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900 ṣe ọjọ́ 1. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2025 jẹ́ 45747, ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ 45748. Ohun tí ẹ ń rí lójú àpótí, aṣọ tó wọ nọ́ńbà náà ni. Ẹ lè dán an wò: ẹ tẹ déètì sínú àpótí kan, ẹ lọ sí Home, ẹ yan General níbi tí wọ́n ti ń yan irú nọ́ńbà. Aṣọ á bọ́, nọ́ńbà á yọjú. Ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá ṣèèṣì rí 45717 níbi tí ẹ ti ń retí déètì. Ẹ yan Short Date padà, ó parí.

Nítorí pé nọ́ńbà ni, kọ̀ǹpútà lè bi í pé ṣé ó tóbi ju òmíràn lọ, ìbéèrè tí SUMIFS sì ń bi ìlà kọ̀ọ̀kan kò ju ìyẹn lọ: ṣé nọ́ńbà rẹ tó ti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀? Ṣé kò kọjá ti ọjọ́ ìparí?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún àwọn tó ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń lo Mac àtijọ́: Excel ti Mac ayé ìgbà kan máa ń bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ láti ọdún 1904. Bí ẹ bá da déètì kọ láti irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ fi ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan yàtọ̀, ohun tó fà á nìyẹn. Ọjọ́ 1,462 ni ìyàtọ̀ náà.

Kíkọ fọ́múlà náà

Ẹ kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sínú àpótí F1, ìyẹn ibi tí kọ́lọ́ọ̀mù F àti ìlà 1 ti pàdé: 01/03/2025. Ẹ kọ ọjọ́ ìparí sínú F2, 31/03/2025. Inú àpótí tí ẹ fẹ́ kí èsì wà, ẹ kọ:

=SUMIFS(C2:C500,A2:A500,">="&F1,A2:A500,"<"&F2+1)

C2:C500, ìyẹn láti C2 dé C500, ló ṣáájú: ibi tí owó tí a fẹ́ rò wà. A2:A500 tẹ̀ lé e: ibi tí kó ti wo déètì. ">="&F1 ni àṣẹ àkọ́kọ́: kí déètì tó F1, tàbí kó jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ni A2:A500 lẹ́ẹ̀kan sí i, torí kọ́lọ́ọ̀mù kan náà la fẹ́ bi ní ìbéèrè kejì. "<"&F2+1 ni àṣẹ kejì: kí déètì má tíì dé ọjọ́ tó tẹ̀ lé F2. Ẹ ó rí 154500.

Àmì & ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Àmì ìfiwéra, ìyẹn >= tàbí <, ni ó máa wà láàárín àmì àyọlò. F1 gbọ́dọ̀ wà ní ìta, kí & so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá kọ ">=F1", kọ̀ǹpútà ò ní wo inú àpótí F1 rárá; lẹ́tà F àti nọ́ńbà 1 náà ló máa mú gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ẹ ó sì rí 0. Bí ẹ bá rí 0 níbi tí ẹ mọ̀ pé owó wà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀gbọ́n SUMIFS ni SUMIF, tí kò ní S lẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ni SUMIF lè bèèrè, ibi tí owó wà ló sì máa ń gbẹ̀yìn nínú tirẹ̀. Ti SUMIFS ló ń ṣáájú. Ẹni tó ti mọ́ lára láti kọ SUMIF á yí wọn pa dà láìmọ̀.

Gígùn wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ẹ bá kọ C2:C500 tí ẹ wá kọ A2:A400, Excel á fún yín ní #VALUE!. Irú àṣìṣe yìí sàn, torí ó ń sọ ara rẹ̀. Bí ẹ bá sì máa fa fọ́múlà náà sísàlẹ̀ sí àwọn àpótí míì, ẹ fi $ ti ibi tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: $C$2:$C$500, $A$2:$A$500. Láìsí $, ìlà kejì á bẹ̀rẹ̀ láti C3, ìkẹta láti C4, owó òkè á máa já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan fẹ́ràn láti kọ déètì náà sínú fọ́múlà gan-an, bíi ">=01/03/2025". Ẹ má ṣe é. Bí kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ṣí i lórí rẹ̀ ṣe ń ka déètì ló máa kà á: lórí ọ̀kan ó jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, lórí òmíràn ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní. Bí kò bá sí ọ̀nà míì, ẹ kọ ">="&DATE(2025,3,1): ọdún, oṣù, ọjọ́. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa ṣi ìyẹn kà. Àmọ́ kí déètì wà nínú F1 àti F2 ló dára jù, torí ẹni tó bá mú ìwé náà á rí i láti ibo dé ibo ni ẹ rò.

Bí ó bá jẹ́ orí WhatsApp lẹ ti gba fọ́múlà, ẹ wo àmì àyọlò rẹ̀ dáadáa. Àwọn fóònù kan máa ń tẹ̀ ẹ́ ní kọdọrọ bí ìwọ̀, Excel kò sì mọ irú ìyẹn. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ èyí tó dúró ṣánṣán.

Bí ìpàdé bá ní kajú nìkan làwọn ń béèrè, ẹ fi ìbéèrè kẹta kún un:

=SUMIFS(C2:C500,B2:B500,"kajú",A2:A500,">="&F1,A2:A500,"<"&F2+1)

Iṣu ₦38,500 á bọ́ sílẹ̀, ẹ ó rí 116000. Kìkì kí ẹ rí i dájú pé bákan náà lẹ kọ kajú ní gbogbo ìlà. Bí ẹnì kan bá kọ cashew sí ìlà kan, tàbí tó fi àlàfo kan sílẹ̀ lẹ́yìn ú, ìlà yẹn kò sí nínú ìṣirò mọ́. Data Validation, tó wà lábẹ́ Data, máa jẹ́ kí ẹ fi orúkọ ọjà sí inú àkójọ tí èèyàn á kàn máa yàn.

Ìdí tí a fi kọ F2+1

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo SUMIFS tẹ́lẹ̀ á ti máa bi ara yín pé kí ló dé tí a kò kọ "<="&F2. Ìyẹn ló yá lẹ́nu: kí déètì má ju ọjọ́ ìparí lọ. Lórí ìwé tí a gbé kalẹ̀ yìí, á tọ̀nà, 154500 náà lẹ máa rí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí àkókò bá wọ inú déètì.

Nọ́ńbà odindi ni ọjọ́. Aago jẹ́ ìdá ọjọ́. Agogo méjìlá ọ̀sán jẹ́ 0.5, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ jẹ́ 0.75. Bí ẹ bá ra kajú ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, tí aago yẹn sì wọ inú àpótí, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe 45747 mọ́, ó ti di 45747.6875. Tí F2 bá jẹ́ 31/03/2025 lásán, 45747 ni, ìyẹn ọ̀gànjọ́ òru tí ọjọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀. "<="&F2 á wá bi í pé: ṣé 45747.6875 kò ju 45747 lọ? Ó jù ú lọ. Ìlà 5 á jáde, pẹ̀lú ₦71,000 rẹ̀. Ẹ ó rí 83500, ìwé náà á sì dúró bíi pé kò sí nǹkan. Ohun tó burú jù ni pé ojú àpótí lè máa fi 31/03/2025 nìkan hàn, torí aṣọ tó wọ̀ kò ní ibi tí aago lè yọ sí. Ẹ tẹ àpótí náà, kí ẹ wo ọ̀pá fọ́múlà lókè, ibẹ̀ ni aago máa wà.

Níbo ni aago ti ń wọlé? Bí ẹ bá ń fi Google Forms gba ìròyìn láti oko, Timestamp rẹ̀, ìyẹn àkókò tó ń kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ní aago nínú. Ìwé tí ẹ gbà láti báńkì tàbí láti ọ̀dọ̀ oníPOS lè ní in. Ẹni tó bá ń fi =NOW() sí déètì náà ń fi aago sí i láìmọ̀. Bí ẹ bá tẹ Ctrl pẹ̀lú ; lẹ́ẹ̀kan náà, á tẹ déètì òní láìsí aago, òun ni kí ẹ máa lò.

"<"&F2+1 kò bìkítà bóyá aago wà tàbí kò sí. Ohun tó ń sọ ni pé kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ wọlé. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wọlé, agogo mọ́kànlá alẹ́ wọlé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin dúró síta. Kí ó di àṣà yín, kódà bí ìwé yín kò bá tíì ní aago nínú.

Ẹ má sì da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá kọ "<="&F2+1 ti fa ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin wọlé, ₦54,000 á gun orí owó oṣù Kẹta, á di 208500. Ní òkè náà, ẹni tó bá kọ ">" níbi tí ó yẹ kó kọ ">=" ti lé ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta síta pẹ̀lú ₦45,000 rẹ̀, 109500 ni á sì kà jáde. Àmì kékeré kan ṣoṣo, ẹnu ààlà ló sì wà.

Ọjà ọrún àti oṣù

Àwa Yorùbá kì í ka ọjọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ṣírò owó ọjà mọ ìyàtọ̀ náà. Bí a bá na ọjà ọrún lónìí, òní ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà. Bí òní bá jẹ́ Mọ́ńdè, a ó kà á dé Fúráìdè, ọjọ́ márùn-ún, ọjà á tún pé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà yọ Mọ́ńdè kúrò nínú Fúráìdè, mẹ́rin ló máa sọ. Kò sí ẹni tó ṣì í kà nínú àwa méjèèjì: àwa ka orí àti ìdí, òun ka ìṣísẹ̀ tó wà láàárín wọn. Ohun kan náà ló fà á tí F2-F1 fi ń fún yín ní 30 fún oṣù Kẹta tó ní ọjọ́ 31. F2-F1+1 ni kí ẹ kọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ro owó ọjà ọrún kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ déètì ọjà àkọ́kọ́ sínú H2. Inú H3, ẹ kọ =H2+4, kí ẹ sì fà á sísàlẹ̀ títí tí àsìkò á fi parí, kí ẹ sì fi ìlà kan kọjá rẹ̀. Mẹ́rin ni, bí ẹ bá kọ 5, ọjà kejì á ti yẹ̀ ní ọjọ́ kan, ìkẹta ní ọjọ́ méjì. Ọjà ìsán, +8. Ọjà tó ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, +7. Inú I2, ẹ kọ:

=SUMIFS($C$2:$C$500,$A$2:$A$500,">="&H2,$A$2:$A$500,"<"&H3)

Ẹ wo H3 níbẹ̀ dáadáa. Ọjà tó ń bọ̀ ni ààlà ọjà tó wà nílẹ̀. Ohun tí a rà lọ́jọ́ ọjà yìí àti ní ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e wọlé, ti ọjà tó ń bọ̀ wà fún ìlà tirẹ̀. Kò sí ọjọ́ tó bọ́ sílẹ̀, kò sí èyí tí a rò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fi "<=" sí i á ka gbogbo ọjọ́ ọjà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan bí ìparí, lẹ́ẹ̀kan bí ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ọjà ló sì máa ń ní owó jù. Ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fi ìlà kan fa H kọjá nìyẹn: ọjà ìkẹyìn nílò ọjà kan lẹ́yìn rẹ̀ tó máa jẹ́ ààlà fún un. Bí àpótí yẹn bá ṣófo, èsì á di 0.

Ti oṣù kò yàtọ̀. Ẹ kọ 01/03/2025 sínú H2, kí ẹ kọ =EDATE(H2,1) sínú H3, ẹ fà á lọ. Fọ́múlà I2 kò yí padà rárá. EDATE mọ oṣù tó ní ọjọ́ 30, ó mọ èyí tó ní 31, ó mọ Febuari. Kìkì kí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 31 oṣù Kìíní, 28 oṣù Kejì ló máa fò sí, ìyẹn ló sì máa fi ṣe ìpìlẹ̀ fún gbogbo èyí tó kù.

Nígbà tí déètì kì í ṣe déètì

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ààlà, torí kò sí fọ́múlà ìròpọ̀ tó lè gba ìwé tí déètì rẹ̀ bá ti bàjẹ́ là.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń rà, pàápàá tòkunbọ̀, ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣètò wọn sí. Oṣù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú ọjọ́ níbẹ̀. Google Sheets tuntun náà sì lè wà ní ètò Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ ká tẹ ìlà márùn-ún wa sórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé: ọjọ́, oṣù, ọdún.

Ìlà 2, 28/02/2025. Kọ̀ǹpútà wá oṣù kejìdínlọ́gbọ̀n, kò rí i. Kò ní sọ fún yín, á kàn tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ìlà 3, 01/03/2025: ó gbà á, ó sì sọ ọ́ di ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní. Ìlà 4, 14/03/2025, ọ̀rọ̀ lásán. Ìlà 5, 31/03/2025, ọ̀rọ̀ lásán. Ìlà 6, 01/04/2025, ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní. Ẹ wá béèrè owó oṣù Kẹta, tí F1 àti F2 fúnra wọn tọ̀nà: 0. Ẹ béèrè ti oṣù Kìíní: 99000, nínú ìwé tí a kò rí ìlà oṣù Kìíní kan ṣoṣo.

Ẹ rí i pé oríṣi méjì ni ìbàjẹ́ náà. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ju 12 lọ di ọ̀rọ̀, SUMIFS sì ń fò ó, torí ọ̀rọ̀ kò lè tóbi ju nọ́ńbà lọ lójú rẹ̀. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò ju 12 lọ ń wọ inú oṣù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ti àkọ́kọ́ rọrùn láti mú: bí ẹ kò bá tíì yí ìtò àpótí padà, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti apá òsì, nọ́ńbà máa ń fara ti apá ọ̀tún. Fọ́múlà yìí á sì ka iye wọn fún yín:

=COUNTA(A2:A500)-COUNT(A2:A500)

COUNTA ka gbogbo àpótí tí nǹkan wà nínú rẹ̀, COUNT ka nọ́ńbà nìkan. Lórí ìwé wa, 3 ló máa sọ. Ó yẹ kó jẹ́ 0. Bí ẹ bá rí ju 0 lọ, ẹ má kàn tún àwọn tó di ọ̀rọ̀ ṣe kí ẹ sinmi. Wíwà wọn níbẹ̀ jẹ́ àmì pé àwọn tó kù náà ti yí.

Àtúnṣe rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ tún kọ̀ǹpútà ṣe. Nínú Windows, ẹ lọ sí Settings, Time & language, kí ẹ yan English (United Kingdom) tàbí English (Nigeria) fún Regional format. Nínú Google Sheets, File, Settings, kí ẹ yí Locale sí United Kingdom. Èyí máa gba ohun tí ẹ máa tẹ̀ lẹ́yìn náà là; èyí tó ti yí tẹ́lẹ̀ kò ní padà fúnra rẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ ṣí kọ́lọ́ọ̀mù òfìfo kan sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ kọ sí ìlà 2 rẹ̀:

=IF(ISNUMBER(A2),DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2)),DATE(RIGHT(A2,4),MID(A2,4,2),LEFT(A2,2)))

Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà, ó ń pààrọ̀ ọjọ́ àti oṣù padà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, ó ń gé ọdún láti ẹ̀yìn, oṣù láti àárín, ọjọ́ láti iwájú. Ó nílò kí ẹ ti kọ oṣù ní nọ́ńbà méjì, 02, kì í ṣe 2. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó rí #VALUE!, ẹ ó sì fi ọwọ́ tún ìlà náà kọ. Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí: ìwé tí a tẹ̀ látòkè délẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó yí nìkan ni fọ́múlà yìí wà fún. Bí ìdajì rẹ̀ bá wá láti kọ̀ǹpútà tó tọ̀nà, á yí èyí tó dára dànù. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ ọwọ́ ni kí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi wé e ní ìlà-ìlà. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ jẹ́ kí orúkọ oṣù máa hàn. Ẹ yan kọ́lọ́ọ̀mù A, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú 1, Custom, kí ẹ kọ dd-mmm-yyyy. Déètì á máa hàn bíi 01-Mar-2025. Bí ó bá yí, 03-Jan-2025 lẹ máa rí lójú ẹsẹ̀, ní ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an, kì í ṣe ní òpin àsìkò níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá sì lè fara mọ́ ọn, kó máa tẹ 2025-03-01. Ọdún ló ṣáájú, gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń kà á bákan náà.

Owó náà lè di ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá tẹ N45,000, tàbí "45,000 naira", kò tẹ nọ́ńbà, SUMIFS á sì fò ó láìsọ̀rọ̀. Nọ́ńbà lásán ni kí ẹ tẹ̀, 45000. Kí ẹ jẹ́ kí Format Cells fi ₦ àti kọ́mà sí i. Fọ́múlà COUNTA àti COUNT tí a lò fún A, ẹ lò ó fún C.

Ṣáájú kí ẹ tó kà á jáde

Ẹ má gbé iye kankan lọ sí ìpàdé láìjẹ́ pé ẹ ti gba ọ̀nà kejì dé ibẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù ni Filter, èyí tó ń fi ìlà tí ẹ kò yàn pamọ́: ẹ yan déètì oṣù Kẹta nìkan, kí ẹ sì kọ =SUBTOTAL(9,C2:C500) sókè, níbi tí Filter kò ti ní bò ó. Ohun tó hàn nìkan ló máa rò. Kó bá SUMIFS mu.

Ọ̀nà tó le jù, tí mo sì fẹ́ràn jù, ni kí ẹ ro gbogbo oṣù tàbí gbogbo ọjà pọ̀, kí ẹ fi wé àpapọ̀ owó tó wà nínú ìwé. Bí àwọn èsì oṣù bá wà ní I2 dé I13:

=SUM(C2:C500)-SUM(I2:I13)

Bí oṣù méjìlá ọdún kan bá wà níbẹ̀, tí gbogbo ìwé sì jẹ́ ti ọdún náà, 0 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ó bá ju 0 lọ, owó kan wà tí kò rí oṣù wọ̀: déètì rẹ̀ di ọ̀rọ̀, tàbí kò ní déètì rárá, tàbí ọdún tí wọ́n tẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá dín sí 0, owó kan ti wọ oṣù méjì, ààlà yín ló sì ṣì: ẹ wá "<=" níbi tí ó yẹ kó jẹ́ "<". Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé èyí tí ọjọ́ àti oṣù rẹ̀ kàn pààrọ̀ kò ní hàn níbí, torí ó ṣì rí oṣù kan wọ̀. Orúkọ oṣù tí ẹ jẹ́ kó máa hàn ní kọ́lọ́ọ̀mù A ló máa tú ìyẹn fó.

Fọ́múlà yìí, ẹ fi sí ojú ìwé náà gan-an, lókè, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, kí ẹ má pa á rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá wò ó tán. Ẹni tó bá tẹ ìlà tuntun lọ́la pẹ̀lú déètì tó di ọ̀rọ̀ á rí i tó ń kúrò ní 0 lójú ara rẹ̀.